Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìṣó Lára

Aránbàtà kan wà tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ju gbogbo àdúgbò lọ. Bó bá ti kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tán, kì í fi ọwọ́ wá ìṣó tó bá yọ orí sínú rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló fi ń wá a. Yóò ti ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gìrìgìrì, yóò sì sọ fún ẹni tó ni ín pé, "Gbé e lọ. Ẹsẹ̀ mi ò parọ́ rí." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ẹsẹ̀-ò-parọ́ nìyẹn.

Ẹnu rẹ̀ mú ju òòlu tó fi ń dá awọ lu lọ. Bí ọkùnrin kan tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bá ń fi ọ̀pá kọjá lọ, á pariwo pé, "Oníbàárà mi tí kò níláárí! Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìgbà wo lo máa wọ bàtà gbó?" Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn.

Ìyá rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ mú nínú ilé náà. Àìsàn yìí kì í kánjú. Ó fi òùngbẹ dá ìyá náà lóró, ó sọ ọ́ di ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, ó fa ẹran ara rẹ̀ gbẹ, ó wá fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí kò lè rí ọ̀nà ilé ìtọ̀ mọ́, orí ẹní ló ń tọ̀ sí. Ó sú ọmọ rẹ̀. Kí ni ọmọ náà ṣe? Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, á gbé ike omi kúrò níwájú ìyá, á lọ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, fún mi lómi. Ọ̀fun mi ń jó."

"Ẹni tí ò bá mu, kò ní tọ̀. Ẹ máa sùn, Ìyá."

Ó ń wò ó bó ti ń fi ọwọ́ wá gbogbo ilẹ̀ kiri, tó ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Kò dun ọkùnrin yìí rárá. Nígbà tí ìyá náà kú, ó ra pósí tó ń dán, ojú rẹ̀ sì gbẹ lójú sàréè. Wọ́n ní akọni ni.

Káfíńtà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tirẹ̀, ọmọlẹ́yìn Kristi ni. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ omi yìí lẹ́nu ìyàwó aránbàtà. Ó pe aránbàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ohun tí o ṣe fún ìyá rẹ ò dáa. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ẹsẹ̀-ò-parọ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣé Ọlọ́run ló ń bá mi fọ ẹní yẹn?"

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Òùngbẹ ilé náà kò bá òkú lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí aránbàtà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò bí ẹni ń bu omi sínú agbọ̀n, tí èèrà sì ń bo ibi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Dókítà sọ fún un pé àtọ̀gbẹ ni. Ó ní kó jáwọ́ nínú ohun dídùn, kó máa lo oògùn, kó sì máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló dùn, ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀ kíkorò ń jowú!" Bó ṣe dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn nìyẹn. Ó gbé oògùn náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tó máa ń gbé omi ìyá rẹ̀ sí. Eruku bò ó níbẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bí ikán nínú òpó. Ojú rẹ̀ ń ṣú, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ní òwú ayé ìsinsìnyí ni kò dáa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ ń ta á bí ata. Nígbà tó yá, títa náà dáwọ́ dúró. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti borí àìsàn. Òmùgọ̀ èèyàn! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, ó sì ń fi òkú ṣe ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ kan, káfíńtà gbé bàtà iṣẹ́ rẹ̀ padà wá. "Ọ̀rẹ́ mi, ìṣó ṣì wà nínú èyí. Ó gún mi."

"Irọ́ ni! Ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Fi ọwọ́ kàn án."

"Kí n fi ọwọ́ kan kí ni?" Ó já bàtà náà gbà, ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, ó bọ́ sójú títì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fò sókè, ó jó. "Ẹ wá wo ìṣó o! Ìṣó dà?" Gbogbo èèyàn ń fi káfíńtà ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà bẹ̀ ẹ́ pé kó bọ́ ọ, kò gbọ́. Ó wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi pa ṣọ́ọ̀bù dé, ó sì gba ọ̀nà tó jìn wọlé kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló kígbe. "Bàbá wa, ẹ̀jẹ̀ wo lẹ ń tẹ̀ wọlé yìí?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ipa ẹsẹ̀ pupa láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí obìnrin náà bọ́ bàtà ọ̀hún, ẹran bá ìṣó jáde. Aránbàtà ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Kò dùn ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀rù bà á.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kó lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ parọ́! Ó fi àkísà dì í, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Egbò náà dúdú, ó ń rùn. Àwọn oníbàárà ń fọwọ́ bo imú, ó ní awọ tuntun ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣubú lórí àga iṣẹ́ rẹ̀ ni káfíńtà tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ gbé e pọ̀n lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ orúnkún, àti pé kò gbọdọ̀ mu omi títí wọ́n á fi ṣe é tán. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì.

"Jọ̀ọ́, fún mi lómi. Ọ̀fun mi ń jó."

Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ. Ohun tí ìṣó kò lè gún láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ yẹn gún un. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó yíjú sí káfíńtà tó dúró tì í.

"Káfíńtà, ìyá mi ti kú. Ta ni n ó bẹ̀?"

"Ẹni tó gbọ́ igbe rẹ̀ nígbà tí ìwọ kò gbọ́."

"Á lé mi. Èmi náà á lé irú mi."

Káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wọ́n kan ìṣó mọ́ Jésù lẹ́sẹ̀. Tìrẹ gún ọ, o ò mọ̀. Tirẹ̀ gún un, ó mọ̀ ọ́n dé ọpọlọ. Òùngbẹ gbẹ Òun náà, ọtí kíkan ni wọ́n nà sí i. Nítorí ohun tí o ṣe nínú yàrá yẹn ni. Bó bá jẹ́ pé Ó fẹ́ lé ọ ni, kì bá tí dúró gba ìṣó."

Ẹsẹ̀-ò-parọ́ kò wá àwáwí kankan. Ó ní, "Olúwa, èmi ni mo gbé omi yẹn kúrò. Ṣàánú mi." Àlàáfíà tí kò mọ̀ rí wọ inú rẹ̀, bí wọ́n sì ṣe tì í lọ síbi tí wọ́n á ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹsẹ̀ náà kò hù padà. Ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀. Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ohun tó gbìn, ó ká a. Ó ń lo oògùn rẹ̀ báyìí. Bó bá kan bàtà tán, á gbé e fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, bá mi fi ọwọ́ wò ó." Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń pe orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, wọ́n á bi í pé, "Ẹsẹ̀ wo ni kì í parọ́?" Á dá wọn lóhùn pé, "Èyí tí wọ́n gé yẹn, òpùrọ́ ni."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Má ṣe sọ pé ìwọ kò ní àtọ̀gbẹ. Omi ta ni o gbé kúrò níwájú rẹ̀? Ta ló ń sunkún nítorí rẹ, tí kò sì dùn ọ́? O ní ọkàn rẹ ò dá ọ lẹ́bi. Aránbàtà náà ní ẹsẹ̀ òun ò dun òun. O lè máa jó lójú títì báyìí, kí ẹ̀jẹ̀ ti kún bàtà rẹ.

Bọ́ ọ sílẹ̀ níwájú Jésù, jẹ́ kó fi ọwọ́ Rẹ̀ wò ó. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un bó ṣe rí, láìfi ohunkóhun bò ó. Bí nǹkan kan bá ń gún ọ láyà bí o ti ń ka èyí, dúpẹ́, ọkàn rẹ ò tíì kú. Má ṣe dúró de ọ̀la. Wá lónìí, nígbà tó ṣì ń dùn ọ́.