Ìwé Orúkọ Tí N Ò Pa Dé

Bàbá Ọlátúnjí ń bó ọsàn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ mi ka orúkọ wọn mọ́ ti àwọn òkú.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Gbogbo wa jókòó yí àgbàlá ká bí a ti máa ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láti gbọ́ orúkọ àwọn ará ilé wa tó ti kú, kí a sì ṣàdúà fún wọn. Igba ó lé méjìlá ni wọ́n. Ohùn Ìyá Àwáwù ló ń ti inú sípíkà jáde, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn, kò yára, kò falẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ tó kẹ́yìn, ó yẹ kó dákẹ́. Kò dákẹ́.

"Ọlátúnjí ọmọ Salman," ni ohùn náà wí.

Ọ̀bẹ dúró lára ọsàn. Èèpo rẹ̀ gùn wálẹ̀, ó ń mì.

"Afọlábí," ni Bàbá Ọlátúnjí wí, "ṣé o ti sin mí ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Fawziyah ìyàwó mi fi ìborùn bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ wo? Ṣé mi ò mọ ohùn yìí ni? Ẹ̀gbọ́n Àwáwù, kí ni mo fi ṣe yín?"

Ìyá Àwáwù ò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn ti fọ́ láti ọdún tó kọjá, síbẹ̀ wọ́n kọ ojú náà sí sípíkà bí ẹni tó ń wo nǹkan.

"Ohùn mi ni," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n n ò sọ ọ́ rí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Ìyá Àwáwù. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ka ìwé orúkọ náà fún ilé wa ní Ẹdẹ. Nígbà tí ojú wọn lọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, ni èmi tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà bá ní kò le. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ gbogbo orúkọ náà sínú fáìlì kan. Mo wá fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python kọ prógíráàmù kékeré tí yóò ṣí fáìlì náà, tí yóò ka orúkọ, tí yóò gbé ohùn rẹ̀ jáde, tí yóò sì kọ déètì síwájú rẹ̀. Gbogbo ilé yìn mí. Mo gbà pé ó tọ́ sí mi.

Lọ́jọ́ yẹn, mo sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí fáìlì náà: igba ó lé méjìlá. Kò sí Ọlátúnjí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n prógíráàmù tó yẹ kó ti parí ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó dúró bí mo ṣe máa ń ní kí prógíráàmù dúró, ó sì dúró. Mo tún fáìlì ṣí.

Igba ó lé mẹ́tàlá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Ọlátúnjí ò dé láti oko wọn ní Alájùẹ. Nígbà tí wọ́n wá wọn lọ, wọ́n bá wọn ní ìjókòó, ẹ̀yìn wọn ti ebè, ọsàn kan lọ́wọ́ wọn tí wọn ò tíì bó.

N ò pa orúkọ náà rẹ́ mọ́. Ó ti di òótọ́.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi yẹ prógíráàmù wò. Mo mú un ṣiṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ó ka igba ó lé mẹ́tàlá nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì dákẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tó di Jímọ̀, lójú gbogbo ilé, ó kà wọ́n tán, ó sinmi díẹ̀, ó wá ní, "Oyèwọlé ọmọ Àjàní."

Oyèwọlé ò sí lágbàlá. Ó ti lọ kan òrùlé fún ẹnì kan ní Awo. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wò mí, ó sì wọlé. Mo dá prógíráàmù dúró kíákíá. Bí mo ṣe dá a dúró tán ni orúkọ náà hàn nínú fáìlì. Lọ́jọ́rú, wọ́n gbé Oyèwọlé wálé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n gbé ẹrù mi kúrò lágbàlá, kí n má ṣe kà á fún wọn mọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà àti sípíkà lọ sínú yàrá wa, mo gbé wọn lé orí tábìlì, n ò sì fọwọ́ kàn wọ́n.

Ní Jímọ̀ kẹta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé. Fawziyah ń ká aṣọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Alfa kọ̀ǹpútà," ó ní, "ìgbà wo lẹ máa gbé orogún mi yìí jáde?"

"Tó bá dọ̀la."

"Ọ̀la lẹ sọ lánàá. Ṣé ẹ ti sanwó orí rẹ̀ ni?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Sípíkà ṣáájú mi.

"Fawziyah ìyàwó Afọlábí."

Orúkọ kan ṣoṣo. Kò ka ìyókù.

Apá ṣẹ́ẹ̀tì kan ti wọnú, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni wọ́n pè?"

"Rárá."

"Afọlábí." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pe orúkọ mi lásán bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé èmi ni?"

"Jókòó síbẹ̀. Má jáde. Má ṣe nǹkan kan."

Mo pe Kọ́láwọlé ní Òṣogbo. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ṣẹ́. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí Fawziyah má baà gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì gbé kọ̀ǹpútà dání. Mo ní nǹkan kan ń kọ orúkọ sínú fáìlì mi.

"Bi kọ̀ǹpútà pé ta ló di fáìlì náà mú," ni Kọ́láwọlé wí.

Mo bi í. "Prógíráàmù mi ni."

"Látìgbà wo ló ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Mo tún un kà. "Láti Jímọ̀ àkọ́kọ́."

"O ò dá a dúró nìyẹn."

"Mo dá a dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ó dáa. Ka ibi tó o ti ṣí fáìlì fún mi." Mo kà á. "Ó ti tó. Ka ibi tó o ti tì í."

Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo tún wá a láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"N ò tì í."

Ó pòṣé. "Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ!"

"Kọ́lá, mo gbọ́ orúkọ kan, ṣùgbọ́n kò sí nínú fáìlì."

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í sáré kọ nǹkan sílẹ̀, ó máa ń kó o dání ná. Tó o bá ti fáìlì, tàbí tó o ní kó rọra dúró, á kọ gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ní kó rọra dúró.

"Tí n ò bá fẹ́ kó kọ ọ́ ńkọ́?"

"Pa á lójijì. Lo àṣẹ kill, kó o fi mẹ́sàn-án àti nọ́ńbà prógíráàmù náà sí i. Kò ní ráyè kọ nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ṣègbé."

"Pátápátá?"

"Bí ẹni pé kò sí rí. Kí ló tilẹ̀ wà níbẹ̀?"

Mo pa fóònù.

Ìyá Àwáwù ti dúró níwájú mi pẹ̀lú ọ̀pá wọn. N ò mọ ìgbà tí wọ́n dé.

"Mo gbọ́ ohùn mi," ni wọ́n wí. "Ìyàwó rẹ ni mo pè, àbí?"

"Ìyá, ẹ wọlé lọ. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe."

"Afọlábí, nígbà tí mo bá ka ìwé náà tán, kí ni mo máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń pa á dé. Ẹ ó gbé tẹ̀sùbáà lé e, ẹ ó ní ó tó."

"Ṣé torí kí eruku má wọ̀ ọ́ ni mo ṣe ń pa á dé?"

Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà ọwọ́ mi.

"Ta ló ń sọ fún ẹ̀rọ tìrẹ pé ó tó? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé ti wà ní ṣíṣí, tí wọ́n ń retí ẹni tó kàn. Lọ pa á dé, ọmọ mi."

"Tí mo bá pa á dé, á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ti pè, wọ́n ti pè é. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí a ó ti rí i, kí a lè máa ṣàdúà fún un. Èyí tí o fẹ́ ṣe yẹn, ibo ni o fẹ́ kó wà?"

"Lọ́dọ̀ mi."

Mo yí ẹ̀yìn sí wọn. Nọ́ńbà prógíráàmù náà wà lójú ẹ̀rọ. Mo tẹ kill, mo fi mẹ́sàn-án sí i, mo tẹ nọ́ńbà náà. Láti inú yàrá, Fawziyah pè mí, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá—"

Mo tẹ̀ ẹ́.

Fáànù inú kọ̀ǹpútà dákẹ́. Mo ṣí fáìlì. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Oyèwọlé ló kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú mi.

"Fawziyah!" ni mo ké. "Ó ti tán! Kò kọ ọ́!"

Kò dáhùn.

"Ta lò ń pè?" ni Ìyá Àwáwù bi mí.

"Ìyàwó mi, Ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọn ò rín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Alhamdulillah! O wá ti rí ìyàwó. Ọmọ ilé ta ni? Ṣé ó máa lè gba gbogbo kọ̀ǹpútà yìí mọ́ra?"

Mo wọ yàrá. Aṣọ mi nìkan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tò jọ dáadáa. Èyí tó wà lókè, apá rẹ̀ kan wà nínú, èkejì wà níta. Kò sí ìborùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sí nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù mi. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ilé wọn, wọ́n fún mi lómi mu, wọ́n sì sọ fún mi tìfẹ́tìfẹ́ pé ọkùnrin nìkan làwọn bí.

Mo pe Kọ́láwọlé. Òun ló jẹ́ ẹlẹ́rìí èmi àti Fawziyah lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkáà.

"Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo jẹ́ kó ṣègbé," ni mo wí, "báwo ni mo ṣe lè rí i gbà padà?"

"O ò lè rí i. Mo sọ fún ẹ. Ọ̀rẹ́, kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

Wọn ò ṣe fídáù fún un. Ta ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún? Mo ti fi ọwọ́ ara mi tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì. Tí ohùn náà bá dé ibẹ̀, ó máa ń fò ó. Mo kọ ọ́ sí ara ògiri yàrá, mo sì ń kà á láràárọ̀, torí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbàgbé ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó fi máa ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo tún prógíráàmù náà mú ṣiṣẹ́, mo ṣí fáìlì, n ò sì kọ ibi tí yóò ti tì í. Gbogbo Jímọ̀, lẹ́yìn Alásárì, mo máa ń jókòó ti sípíkà, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó pe Fawziyah, kó lè wà níbì kan tí mo lè ṣàdúà sí. Ẹni tó bá pè, mo máa ń ní kó rọra kọ ọ́ sílẹ̀.

Orúkọ méje ló ti wọlé. Ìyá Àwáwù ni ìkẹrin. Ohùn ara wọn ni wọ́n fi pe ara wọn. Àwọn ará ilé ti ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò tíì pè é. Mo ṣì ń retí.