Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ha Lápá Kan

Nígbà tí Fermín Echagüe yọrí nínú omi èbúté Luperón láàárọ̀ ọjọ́ náà, irin ìha lọ́wọ́, èérí òkun ní irùngbọ̀n, obìnrin kan ló kọ́kọ́ rí. Obìnrin náà jókòó sórí ọkọ̀ kékeré kan tí ń jẹ́ Golondrina, ìgbòkun funfun bò ó láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó fi eyín di òwú mú. Oòrùn ń kọ mànà lára abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ wá wo màlúù òkun o!" obìnrin náà pariwo. "Ó tiẹ̀ hu irùngbọ̀n!"

"Màlúù òkun kì í ṣiṣẹ́ kó tó jẹun. Ìdí ọkọ̀ ni mò ń ha."

"Ìdí ọkọ̀ ta?"

"Ti ẹnikẹ́ni tó bá pè mí."

"Ó dáa. Èmi ò tíì pè ọ́."

Ẹ̀rín rẹ̀ wọ Fermín lára. Nígbà tó padà sábẹ́ omi, ó gbàgbé apá ibi tó ti ha dé.

Nereida Polanco ni obìnrin náà, ọmọ Puerto Rico. Ibi tí ìgbòkun bá ti ya ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ọmọ Argentina ni Fermín. Ibi tí ìkarawun òkun bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ni tirẹ̀ wà, omi Luperón kì í sì í febi pa irú wọn. Kálukú ló ní ọkọ̀ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ilé lórí ilẹ̀ nínú wọn.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jẹ mangú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún àárọ̀, pa pọ̀ lórí Golondrina.

"Fẹ́ mi," Fermín wí lọ́jọ́ kan.

"Obìnrin tó ti ní ọkọ̀, kí ló fẹ́ fi ọkọ ṣe?"

"Kó máa bá a ha ìdí rẹ̀ ni."

Nereida fi ìṣù òwú sọ ọ́. "Aláìnítìjú! Gbọ́ ná. Ọkọ̀ méjì ò lè máa lé ara wọn kiri òkun, bí ẹni pé tọkọtaya ni wọ́n. Ta ló máa ta tiẹ̀?"

Fermín yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀ lókèèrè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ọkọ̀ tirẹ̀.

"Máa rò ó, ààyò mi. Tí atẹ́gùn líle yìí bá ti rọlẹ̀, mò ń lọ. Mi ò ní dúró de àsìkò ìjì níbí," Nereida wí.

Ní èbúté yẹn, ọmọ-ọkọ̀, ìyẹn ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí ń gbéni dé ilẹ̀, ni ẹlẹ́rìí gbogbo ayé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n bá bá ọmọ-ọkọ̀ rẹ nígbà tílẹ̀ mọ́, ibẹ̀ lo sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fermín rí ọmọ-ọkọ̀ Bastien lẹ́yìn Golondrina. Bastien ni ará Faransé tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé àlejò lọ wo àbùùbùtán. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọmọ-ọkọ̀ náà ò kúrò.

Òwú wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Owú wà lọ́kàn ọkùnrin náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá pa iná yẹn, ṣùgbọ́n Fermín ò bi í. Nereida pè é lórí rédíò, ṣùgbọ́n Fermín pa rédíò. Mangú dà bí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá di ojú, eyín funfun Bastien ló ń rí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bastien nawọ́ sí i. "Ọ̀gá omi! Bá mi ha ìdí ọkọ̀ yìí, mo ní àlejò lọ́la."

Fermín wọ omi. Ó ha apá òsì mọ́ tónítóní. Bó ṣe fẹ́ bọ́ sápá ọ̀tún, ó gbọ́ orin Bastien nínú ọkọ̀. Ṣé òun náà ni yóò máa tún ọkọ̀ ṣe fún ẹni tó gba olólùfẹ́ òun? Ó jáde.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

Kò purọ́ lórí iṣẹ́ rí kó tó di ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ Bastien ń fà sápá kan lójú òkun bí ewúrẹ́ tí wọ́n fokùn wọ́. Àlejò bì títí. Nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo èbúté ń rẹ́rìn-ín. Nereida nìkan ni kò rẹ́rìn-ín; ó mọ ẹni tó ha ìdí ọkọ̀ náà. Ó tukọ̀ lọ bá Fermín.

"Jáde wá!"

"Lọ bá ará Faransé rẹ."

"Ará Faransé mi bí ti báwo?"

"Ọmọ-ọkọ̀ ta ló ń sùn lẹ́yìn rẹ?"

Nereida dìde nínú ọmọ-ọkọ̀ rẹ̀. "Oòrùn ń jẹ rọ́bà ọmọ-ọkọ̀ yẹn. Aṣọ ìbora ni mò ń rán fún un. Ṣé òkèèrè ni kí n ti máa wọ̀n ọ́n ni? Èmi fúnra mi ni mo gbé Bastien padà fún ìyàwó ẹ̀. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ìdáhùn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Mo lè forí ji owú. Iṣẹ́ tí o bà jẹ́ ńkọ́? Èèyàn wà nínú ọkọ̀ yẹn, Fermín! Mi ò lè bá ẹni tó ń fi ìbínú ṣiṣẹ́ wọ òkun. Atẹ́gùn ti ń rọlẹ̀. Mò ń lọ lọ́la."

Fermín lọ bá Bastien, ó jẹ́wọ́. Bastien di ikùn ara rẹ̀ mú. "Èmi? Pẹ̀lú ikùn bí ìkòkò yìí? Ẹ jẹ́ kí n pe ìyàwó mi kó wá gbọ́ pé ẹnì kan ń jowú mi!" Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Wọ omi."

Fermín ha apá ọ̀tún, ó tún apá òsì ha, kò gba kọ́bọ̀. Ìkarawun ya á lọ́wọ́. Nígbà tó yọrí, Nereida jókòó nínú ọmọ-ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí, ó ń wò ó.

"Ọkọ̀ tèmi ni màá tà," Fermín wí. "Tìrẹ ló gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ. Irin ìha tèmi, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń sùn." Ó di etí ọmọ-ọkọ̀ Nereida mú. "Ṣé o fẹ́ràn mi tó láti dúró dìgbà tí mo bá tà á?"

"Ó mà kúkú mọ ìbéèrè í bi." Nereida na aṣọ sí i kó fi di ọwọ́. "Ọjọ́ ọ̀la nìkan kọ́ ni atẹ́gùn máa rọlẹ̀. Wọlé, olówó orí mi."

Ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀, akọ̀wé, Dóńà Milquella, gbé bírò sókè. "Ọkọ ìyàwó, níbo lẹ̀ ń gbé?"

Nereida yíjú sí Fermín. Ó ń dúró.

"Golondrina," Fermín wí.

"Òpópónà wo nìyẹn?"

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Dóńà," ìyàwó dáhùn. "Tí a bá débẹ̀, a ó mọ̀."