Èènì Atẹ́gùn

Ẹni tó bá rò pé atẹ́gùn kì í ṣe ọjà, kò tíì dé ibi tí kò ti sí rí. Abíọ́nà ti débẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ta atẹ́gùn káàkiri ayé nínú ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ Ilé Là Ń Rè, òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Láṣebìkan.

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, wọ́n ti fòfin de epo lórí òkun, ojú ọjọ́ náà sì ti ya wèrè. Níbì kan, ìjì á máa jà bí orogún. Níbòmíràn, ewé kan kò ní mì fún oṣù mẹ́fà. Abíọ́nà tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ló wá ṣe agbatẹ́gùn. Ẹ̀rọ yìí á gbé ìjì mì láàárín agbami, á dì í sínú ìkòkò irin, á sì lẹ ẹnu ìkòkò pa. Bí wọ́n bá dé èbúté tí ọkọ̀ ti há, wọn á fi ìkòkò kan gba iṣu, omi mímu tàbí aṣọ ìgbòkun. Wọ́n gba ewúrẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ewúrẹ́ náà bá wọn dé ìlú mẹ́rin kí wọ́n tó rí ẹni gbà á.

Ohun kan ló ń ba ọjà wọn jẹ́: ẹ̀rọ kò mọ èènì.

"Báwo lèèyàn ṣe ń tajà láìfi èènì sí i?" Bàbá bi í lọ́jọ́ tí oníbàárà kan yọ ṣùtì sí wọn. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ahun kárí ayé ni?"

"Bàbá, ìkòkò tí a bá ti ṣí, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa lọ. Kò ṣe é bù díẹ̀díẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ kí n ti rí èènì?"

"Òpó ńkọ́?"

 Òpó oníhò méjì ni Abíọ́nà ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó ri ọ̀kan mọ́ etí òkun ní Etíyanrìn, ìlú wọn. Ìkejì wà lórí ọkọ̀. Atẹ́gùn tí ti ilé bá gbé mì, ti ọkọ̀ ló máa bì í jáde, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó.

"Ìgbà ìṣòro la ṣe òpó fún, Bàbá. Atẹ́gùn tó bá sì ti kúrò níbì kan kì í mọ ọ̀nà padà."

"Ní Etíyanrìn? Tí atẹ́gùn ti ń ṣí òrùlé? Ẹnjiníà, ṣé o ti gbàgbé páànù mi tí a lọ gbé lábúlé kejì ni? Ìmí kan lásán. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀."

Abíọ́nà mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n òun náà rí páànù yẹn nígbà tó ń fò. Ó kọ́ ẹ̀rọ náà pé bó bá ti gbọ́ "èènì", kó fi òpó mú ìmí kan wá láti ilé.

Ọjà wá gbóná. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní erékùṣù kan, wọ́n rò pé Èènì ni orúkọ Bàbá. Bàbá sì ń jẹ́ wọn. Bí oníbàárà bá sì rẹ́rìn-ín sí i, Bàbá á ní kí ẹ̀rọ fi òmíràn lé e.

Ìyá Abíọ́nà, tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun tirẹ̀ pẹja ní Etíyanrìn, máa ń ránṣẹ́ ohùn sí wọn. Lọ́dún kìíní ó ní, "Atẹ́gùn ti rọlẹ̀, a dúpẹ́, òrùlé dúró." Lọ́dún kejì: "Ooru mú o." Lọ́dún kẹta: "Ìgbòkun ò gbéra mọ́. A ò lè jìnnà dé ibi tí ẹja wà. Ebi ti ń wọlé. Abíọ́nà, ẹ máa bọ̀."

"Ayé ti bàjẹ́," ni Bàbá wí. Wọ́n fi ìkòkò kan ṣoṣo pamọ́ fún ilé, wọ́n sì yí imú ọkọ̀ padà.

Wọ́n ń wo igi àgbọn Etíyanrìn lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ìgbòkun wọn rọ̀ wọ̀ọ̀. Ọkọ̀ dúró. Ní etí òkun, èéfín ààrò ẹja nàró ṣánṣán bí òpó. Abíọ́nà wo èéfín yẹn, ó wo òpó tó wà lórí ọkọ̀, ó sì mọ ibi tí atẹ́gùn ilé gbà lọ.

"Bàbá, ta ló ní ìmí kan lásán?"

"Ta ló ṣe òpó?"

"Ta ló ní páànù?"

Kí Bàbá tó fèsì, ìyá rẹ̀ ti fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó ti rù. Òógùn bò ó.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá. Wọ́n ní atẹ́gùn lẹ ń tà."

"Màámi, ẹ gbé ìkòkò yìí lọ. Tiyín ni."

"Ó tì o. Èmi náà ọlọ́jà ni, n kì í gba ọjà ọmọ mi lọ́fẹ̀ẹ́." Ó gbé ẹja gbígbẹ méjì lé etí ọkọ̀ wọn. "Àwọn tó kù nìyẹn."

Abíọ́nà ṣí ìkòkò. Ìgbòkun ìyá rẹ̀ wú, imọ̀ àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ariwo ayọ̀ sọ létí òkun. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó sì na ọwọ́ bí gbogbo ẹni tó mọ ọjà rà.

"Èènì mi ńkọ́?"

"Màámi, ẹ má—"

Ẹ̀rọ ti gbọ́. Létí òkun, imọ̀ àgbọn wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo dákẹ́. Ìgbòkun ìyá lẹ̀ mọ́ igi rẹ̀. Lórí ọkọ̀, òpó rọra bì, ìmí kan fẹ́ sí Ìyá lójú, ó gbọn etí ìborùn rẹ̀.

Ìyá dijú, ó fà á símú.

"Áà! Eléyìí jọ ti ilé wa àtijọ́," ló wí. "Bàbá, níbo lẹ ti rí i?"