Oògùn Inú Erùpẹ̀

Níbi fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ́sibítù ni wẹ́dà kan, ajórin, ti kọ́kọ́ rí apòògùn obìnrin kan. Obìnrin náà mú hóró oògùn kan dání, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Wẹ́dà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi yẹ̀yẹ́, gbàgbé yẹ̀yẹ́.

Ó bi í pé kí ló ń wò. Apòògùn ní inú erùpẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí oògùn náà, lára ìbátan nǹkan tó ń mú búrẹ́dì bu. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kọ́ ni wọ́n rí. Òun ló ń rọ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bá kíndìnrín àlejò jà. Áà, iṣẹ́ Olúwa tóbi! Wẹ́dà fọwọ́ ba ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí kíndìnrín tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yọ fún un wà.

"Àṣé erùpẹ̀ ló gbé mi ró," ó ní.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́," apòògùn fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó parí nìyẹn. Oògùn wẹ́dà kì í tíì tán tí yóò ti dé ibi fèrèsé. Ìfẹ́ wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.

Àmọ́ bàbá apòògùn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yarí. Ó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí ò lè wà láìsí oògùn. Ọ̀rọ̀ náà dun wẹ́dà dé egungun. Kó lè fi han bàbá pé ara òun le, ó pa oògùn tì, kò sọ fẹ́nì kan. Ẹ gbọ́ ìwà ọkùnrin! Lákọ̀ọ́kọ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò rí ìtọ̀ tọ̀ mọ́. Gbígbé ni wọ́n gbé e dé ọsibítù, ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé òun ò lo oògùn mọ́.

Apòògùn dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ẹkún àti ìbínú ń gbé e.

"Ìfẹ́ mi, ta ló ní kó o kú fún mi?"

"Mo fẹ́ kí bàbá rí i pé mo tó ọkùnrin ni."

Bàbá tó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Kò lè wọlé.

Àwọn dókítà fi oògùn líle sí i lójú iṣan. Nígbà tí ìtọ̀ padà dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìtọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá wá wọlé. Ó bu omi sí kọ́ọ̀pù, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orí wẹ́dà sókè, ó sì fi hóró oògùn sí i lẹ́nu.

"Gbé e mì," ó ní. "Ẹnu mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́. Bí ara rẹ bá ti yá, kí àwọn ẹbí rẹ wá rí mi."

Wẹ́dà gbé e mì. Apòògùn di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú bàbá rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀.