Ewé Kókò Tí Kì Í Rọ

"Ìtìjú ni kí o fi sí i," ni Ndive, ọ̀rẹ́ Enanga, wí fún un. Ó ń jẹ kókò tí mo rin, tí mo pọ́n sínú ewé. "Ṣebí ikú yá ju ẹ̀sín lọ? Àwa ará ìlú Buea yìí, ẹnu aládùúgbò la máa ń bẹ̀rù."

Áàpù ni Enanga, ọmọ ọmọ mi, ń ṣe fún ìdíje ilé ẹ̀kọ́ wọn. Yóò máa rán àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru létí láti lo oògùn. Ẹni tó bá ti lò ó á fọwọ́ tẹ fóònù rẹ̀, àwòrán ewé kókò inú rẹ̀ á sì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ewé tirẹ̀ á rọ.

"Jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa rí ewé ara wọn," ni Ndive wí. "Áàpù tí wọ́n bá ń tẹ̀ jù ló máa gbégbá orókè."

Mo ní, "Enanga, ẹni tójú bá ń tì, ṣe ló máa ń fara pamọ́ o."

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ń di fóònù mú sódì!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Enanga ṣe é bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá Efosi, aládùúgbò wa, pariwo láti ojú ọ̀nà pé, "Bàbá Enanga, ewé yín ti rọ o! Àbí ẹ fẹ́ sá fi opó sílẹ̀ fún wa ni?"

Lyonga, ọmọ mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sáré wọlé lọ. Láti ìgbà yẹn, ewé rẹ̀ kò rọ mọ́. Enanga gba ipò kìíní, a jó, a yọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Lyonga wálé láti oko tíì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, apá kan ara rẹ̀ ti kú. Ní ọsibítù, dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn.

"Ó ń lò ó dáadáa, sà!" Enanga na fóònù sí i. "Ẹ wo ewé rẹ̀."

Bàbá rẹ̀ mi orí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ike oògùn tó ti ṣófo la bá nínú àpò rẹ̀: oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́, kò rówó ra òmíràn. Ó ń tẹ fóònù ṣáá, kí ilé wa má baà tẹ́, kí iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ má sì bà jẹ́.

Enanga fẹ́ yọ ìtìjú yẹn kúrò nínú áàpù náà. Àwọn tó ṣètò ìdíje ní kó má fọwọ́ kàn án, pé ìtìjú náà ló mú un yege. Àdúgbò ṣì ń tẹ̀ ẹ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ìtìjú kì í kọ́ni ní ìwà rere, irọ́ ló ń kọ́ni. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ ràn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni Enanga ń bi bàbá rẹ̀ báyìí. Ahọ́n rẹ̀ kò lè dáhùn mọ́.