Ẹsẹ̀ Ràsáàkì àti Òrí Ọwọ́ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kúulé o, ẹ kú oko. Ṣé ara le? Ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀, òfófó wà lẹ́nu mi. Ara mi gan-an ni mo fẹ́ ṣòfófó ẹ̀.

Èmi Ìyá Mujeebat, tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bá rọ́ ládùúgbò wa ní Ìlerò, èmi ni wọ́n máa ń pè. Màá yọ́ òrí, màá fi wọ́ ọ, ó tán.

Ràsáàkì, ará ilé wa, ló ń fi ọ̀kadà kó iṣu bọ̀ láti oko. Ọ̀kadà yọ̀, ó ṣubú lé e lẹ́sẹ̀ òsì. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, eegun ò ṣẹ́. Ló bá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kò dìde, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko!

Lọ́jọ́ kẹwàá, Àwáwù ìyàwó ẹ̀ sáré wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ yìí o."

Háà! Ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wú, ó le, ó gbóná. Ti ọ̀tún wà jẹ́jẹ́ ẹ̀.

Mo ti yọ́ òrí, mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá Ràsáàkì jókòó tì wá, ó ń pàṣẹ bíi ọ̀gá sójà: "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa! Má ṣàánú ẹ̀!"

Ràsáàkì ní, "Ìyá, ṣé ẹ bí mi ni àbí ẹ rí mi he?"

Ibẹ̀ la wà tí Gbémisọ́lá wọlé, nọ́ọ̀sì tó ń gbé àjẹsára ọmọdé kiri ojúlé. Ó rí ẹsẹ̀ yẹn, ó ju báàgì sílẹ̀.

"Ìyá Mujeebat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Inú bí mi. "Nọ́ọ̀sì, ìgbà tí mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀, wọn ò tíì bí ẹ."

"Òótọ́ ni, mà. Àmọ́ ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú ẹsẹ̀ yìí."

"Ẹ̀jẹ̀ dì? Níbi tí ò ti sí egbò?"

"Inú ni egbò wà. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá ló fara pa nígbà tí ọ̀kadà ṣubú lé e. Tí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́, ṣebí ẹ̀jẹ̀ máa dì sójú ẹ̀, kó lè dá? Bó ṣe ń ṣe nínú iṣan náà nìyẹn. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ ẹ wo òrí inú abọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń rò ó, kì í tètè dì. Tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́ ńkọ́?"

Àwáwù ló dáhùn: "Á dì gbagidi."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bùọ̀dá ò rìn. Ẹ̀jẹ̀ lè dì kọjá bó ṣe yẹ, kó dí ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́, ègé ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já níbẹ̀, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Èèyàn lè kú síbẹ̀."

Ìyá Ràsáàkì ní, "Tẹ̀ ẹ́, jàre! Ọwọ́ ẹ náà ló wo bàbá ẹ̀ sàn."

Gbogbo wọn wá ń wò mí. Wọ̀láì, ojú tì mí. Mo wo ojú Ràsáàkì. Mo nuwọ́ mọ́ ìró mi.

Mọ́tò la fi gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀rọ wò ó: ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n fún un ní oògùn tí ò ní jẹ́ kó dì sí i. Ó ti ń rìn báyìí, ó ṣì ń lo oògùn ẹ̀.

Torí náà, ẹ gbọ́ o. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó ń dunni, tó gbóná, pàápàá lẹ́yìn ìṣubú, ìbímọ, iṣẹ́ abẹ tàbí ìdùbúlẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fomi gbígbóná jó o. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí èémí aláìsàn náà bá wá ń há, tàbí tí àyà ń dùn ún, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má dá oògùn rà fúnra yín o. Ẹni tó bá sì ń ṣàìsàn, tí dókítà bá ti ní ó lè rìn, ẹ jẹ́ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ dá mi lóhùn. Ká ní ẹ̀yin lẹ tọwọ́ bọ òrí, tí ìyá aláìsàn ń pariwo "tẹ̀ ẹ́", tí ọmọdé nọ́ọ̀sì ní ẹ má tẹ̀ ẹ́: kí lẹ̀ bá ṣe?