Ẹ̀rọ Géèmù Tó Funfun Lójijì

"Èyí kì í ṣe tèmi!"

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Àyẹ̀wò nìyẹn nígbà tó tú ọ̀rá kúrò lára ẹ̀rọ géèmù náà, lórí tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ. Ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó sì bojú wẹ̀yìn.

"Kí ni kì í ṣe tìẹ?"

"Màámi, ẹ wò ó. Ẹ wo bó ṣe funfun báláú! Ẹ̀rọ bàbá mi pọ́n. Ó pọ́n bí eyín arúgbó."

"Bóyá wọ́n nù ún ni," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì tẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Aṣọ oníbàárà tó gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú wà níwájú rẹ̀, kò ráyè ọ̀rọ̀ ike funfun.

Orúkọ àbísọ kọ́ ni Àyẹ̀wò o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé ló fún un ní ìnagijẹ yẹn, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí kì í ra bíírò láìkọ́kọ́ fi fa ìlà méjì sí àtẹ́lẹwọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jẹ́jẹ́, nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣa ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ jọ níléèwé wọn, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń ti kásẹ́ẹ̀tì géèmù bọ̀ lórí. Jẹ́jẹ́ ní mẹ́ta. Ẹyọ kan péré ni Àyẹ̀wò ní, ti bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ti pín aṣọ bàbá náà fún ẹbí, bàtà rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù. Bí Àyẹ̀wò bá di pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù rẹ̀ mú, ibi tí àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ ti họ lára rẹ̀ gan-an ni tòun náà ń bọ́ sí, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Àṣà kan wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀rọ. Oníkálùkù á gbé ti èkejì lọ sílé láìmú pádì rẹ̀ dání, á fi gbá géèmù kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, á tẹ́tí sí ìró rẹ̀, á wo àwòrán rẹ̀, á sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń lò. "Pupa tìẹ jinlẹ̀ ju tèmi lọ." "Tèmi ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá gbóná." Wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìpàtẹ tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ní ìparí sáà, níbi tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ kò dá ẹ̀rọ padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí Àyẹ̀wò jọ̀ọ́, kó fún òun láyè di ọjọ́ Ajé. Kò sọ ìdí rẹ̀, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ló padà wá sọ́kàn Àyẹ̀wò báyìí. Ó da ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀. Bébà kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ ti lọ, gọ́ọ̀mù gbígbẹ nìkan ló kù níbẹ̀.

"Háà! Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi," ó wí fún ara rẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò tú u wo inú rẹ̀. Hẹ̀n-ẹ́n, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láàárín àwọn tó ń ṣa ẹ̀rọ àtijọ́ jọ, ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí ni ọba. Àyẹ̀wò ti búra pé irin kankan kò ní kan síkúrù ẹ̀rọ bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ń yẹ gbogbo nǹkan wò kò ṣe rí inú ohun tó fẹ́ràn jù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ti ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn kíláàsì, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"O ti rí i? Ó dáa, àbí kò dáa?"

"Jẹ́jẹ́, níbo lo gbé tèmi sí?"

"Tìẹ nìyẹn. Mo bó o funfun ni. Ìpara tí ẹ̀gbọ́n mi onídìrí fi ń bó àwọ̀ irun ni mo fi pa á lára, mo wá fi ọ̀rá wé e, mo gbé e sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu ni."

"Ìpara irun? Lára ike?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o."

"Nọ́ńbà ìdí ẹ̀ ńkọ́?"

Ojú Jẹ́jẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. "Ó ya nígbà tí mo ń ṣí i kúrò kí ìpara má baà bà á jẹ́. Mo fẹ́ sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni ọmọ náà sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dájọ́ nínú ara rẹ̀, ẹjọ́ wo ló tún fẹ́ gbọ́? Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè fi ẹ̀rọ hàn, òun náà ló ya? Àyẹ̀wò kàn mi orí ni. Ìfura loògùn àgbà, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn náà ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ó.

Nígbà tó ń lọ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta nǹkan àtijọ́. Ó bojú wo inú gíláàsì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró gbagidi. Láàárín rédíò àti aago àlẹ̀mógiri, ẹ̀rọ géèmù kan wà níbẹ̀, irú tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sì pọ́n!

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ta èyí fún yín?"

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọmọ mi, mi ò kí ń dárúkọ ẹni tó bá tajà fún mi."

"Ṣé ọmọbìnrin ni, sà?"

"O fẹ́ rà á ni àbí o ò fẹ́ rà á?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo ìdí ẹ̀ péré."

"Ọwọ́ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ kàn án. Tí wọ́n bá ti fọ́ ọ, wọ́n á ní kò ṣe àwọn."

"Ọjọ́ wo lẹ gbà á nígbà náà?"

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni," ni bàbá náà fi ìkanra wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá."

Ọ̀sẹ̀ yìí! Inú Àyẹ̀wò gbóná bí iná ààrò. Títí tó fi délé ló ń ka ẹ̀rí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀rín músẹ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́ta tí Jẹ́jẹ́ fi pẹ́, bébà tó ya, èyí tó wà nínú gíláàsì. Ó rò ó títí tí èrò náà fi di òtítọ́ lójú rẹ̀. Ó lè padà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó lè sọ fún ìyá rẹ̀. Kò ṣe méjèèjì.

Lọ́jọ́bọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn jókòó, kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó wọn tó sọ̀rọ̀ tán, Àyẹ̀wò ti dìde.

"Ẹ máa ṣọ́ra fún Jẹ́jẹ́ o. Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ fún un, òmíràn ló máa dá padà fún yín. Ó ti ta ti bàbá mi."

Jẹ́jẹ́ dìde. "Èmi? Àyẹ̀wò, èmi?"

"Ṣé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹ?" ni olùkọ́ bi í.

"Mo fojú mi rí i ní ṣọ́ọ̀bù, sà."

Àfi bí aláwàdà kan ṣe pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Pààrọ̀!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ fọwọ́ gbá tábìlì títí, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Jẹ́jẹ́ gbé ìwé rẹ̀, ó jáde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, orúkọ náà ti dé gbogbo kíláàsì. Bí Jẹ́jẹ́ bá ní kí wọ́n yá òun ní rúlà, wọ́n á ní, "Ẹ má fún Pààrọ̀ o, igi ìdáná ló máa dá padà!" Àyẹ̀wò gbọ́ ọ. Ó dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tójú wá lojú ń rí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, pé kó bá òun lọ gba ẹ̀rọ òun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó gbé èyí tó funfun náà dání gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó nawọ́ mú irin tó fi ń tú síkúrù.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u o!"

"Ṣebí o ní kì í ṣe tìẹ? Kí ló wá kàn ẹ́ bí mo bá tú u?"

Síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sínú ìdérí agolo, ọkùnrin náà sì ṣí ẹ̀rọ náà. Ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o rí wáyà pupa yìí? Èmi ni mo fún bàbá ẹ. Inú rédíò tó bàjẹ́ la ti yọ ọ́. Ó ní òun ni òun máa jó o mọ́ ọn fúnra òun. Wo bó ṣe da lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà sílẹ̀ gbúdugbùdu. Àna mi kò mọ iṣẹ́ yìí rárá, ẹnu ló ní."

"Ó dá yín lójú, Bọ̀dá?"

Ọkùnrin náà yí inú ìdérí ẹ̀rọ náà sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ẹnìkan ti fi bíírò kọ nǹkan sínú ike náà, níbi tí oòrùn kankan kò dé rí. Àyẹ̀wò mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, ó wà lára àwọn ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kà á:

"Wọ́n bí i láàárọ̀ yìí. Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ ga."

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í pa, kò mọ èyí tó ń sun ẹkún fún.

"Ta ló sọ ọ́ di funfun báyìí?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Jẹ́jẹ́ ni."

"Ọmọ yẹn ṣiṣẹ́ o! Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò lè ṣe é kó mọ́ tó báyìí, kó má sì ní àbàwọ́n. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Láti ibẹ̀ ni Àyẹ̀wò ti forí lé ilé Jẹ́jẹ́. Ìyá Jẹ́jẹ́, nọ́ọ̀sì ni, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wò ó látòkèdélẹ̀, ó ní, "Ó wà ní yàrá. Ó ní òun ò lọ síléèwé mọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Jẹ́jẹ́ kò yí ojú sí i nígbà tó wọlé. Àyẹ̀wò sọ gbogbo rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀.

"Mo ṣàlàyé fún ẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni Jẹ́jẹ́ wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í lóòrùn. Wákàtí wákàtí ni mò ń yí i, kí apá kan má baà pọ́n ju èkejì lọ."

"Jọ̀ọ́, Jẹ́jẹ́. Má jẹ́ kó já sí báyìí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè mí yẹn, lọ bá mi gbà á padà lọ́wọ́ wọn."

Àyẹ̀wò ní òun á gbà á padà, ó sì gbìyànjú. Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìdérí ẹ̀rọ náà dúró níwájú ẹgbẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní ẹ̀rọ ẹlòmíràn lòun rí ní ṣọ́ọ̀bù, irọ́ lòun pa mọ́ ọ̀rẹ́ òun. Ó lọ láti kíláàsì dé kíláàsì, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A ti gbọ́, ẹ kú iṣẹ́, ìwọ àti Pààrọ̀." Ìṣẹ́jú kan péré ló fi sọ ẹ̀sùn yẹn jáde lẹ́nu. Gbogbo sáà yẹn ló fi ń lé e kiri, kò bá a.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Jẹ́jẹ́ wá, ó bá a to wáyà, ó bá a dá àwọn òbí lóhùn, ṣùgbọ́n ó fi àga kan sáàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ kékeré kan láti kíláàsì àkọ́kọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé náà, tí kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ ọ̀hún, wá fa Jẹ́jẹ́ láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n Pààrọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbá a wò."

Àyẹ̀wò ti la ẹnu láti bá a wí. Ibẹ̀ ló ti yé e kedere pé ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má fura. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura, ẹ béèrè, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dé inú, kí ẹ tó gbé orúkọ ẹnìkejì yín síta. Orúkọ tí ẹ bá bàjẹ́ lójú èrò, ẹ̀bẹ̀ kì í tún un ṣe tán.

Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ bínú sí ọmọ náà. Ó dáhùn sí orúkọ yẹn, ó fa àga àárín wọn fún un, ó sì gbé pádì lé e lọ́wọ́.